Guzheng ni kí n rà àbí pipa? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ ní China, ẹ dá sí i

Adé_Hangzhou

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Hangzhou ni mo wà, ọdún kejì mi rèé tí mò ń ka másítà níbí, mo sì fẹ́ kọ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun èlò orin olókùn táwọn ará ibí máa ń fọwọ́ ta. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mò ń rìn lọ jẹ́jẹ́ létí West Lake, ni mo bá rí màmá àgbà kan tó jókòó sábẹ́ igi, ó gbé nǹkan gbọọrọ kan ka iwájú, ó ń fọwọ́ ọ̀tún ta á, ó ń fọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́, ohùn yẹn wá ń yọ́ bí òrí tí oòrùn pa. Mo dúró síbẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Mo bi wọ́n lórúkọ rẹ̀, wọ́n ní guzheng. Àtọjọ́ yẹn ni mi ò ti sùn dáadáa mọ́ 😂

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹnu ò kò. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra pipa, pé ìyẹn ṣeé gbé lọ gbé bọ̀, ó ní guzheng gùn bí ilẹ̀kùn. Ẹlòmíì ní guqin lọ̀rọ̀ wà, pé òun làwọn ọ̀mọ̀wé ayé àtijọ́ ń ta. Họ́sítẹ́ẹ̀lì ni mò ń gbé, àwa méjì la wà nínú yàrá, owó ọwọ́ mi ò ju 3,000 yuan lọ, mi ò sì mọ nǹkan kan ta rí láyé mi, àfi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí mo máa ń lù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye kí n tó fowó ṣòfò.

Sístà_Bísí

Adé, mí sínú ná. Pipa lèmi ń ta, ọdún kẹrin rèé ní Beijing, o lè rò pé pipa ni mo máa kì fún ẹ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó o dárúkọ yẹn ò jọra rárá.

Guzheng lo rí létí omi yẹn. Okùn 21, ó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 163, okùn kọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹsẹ̀ tiẹ̀, ìyẹn igi kékeré kan tó gbé e sókè kúrò lára pátákó. Wọn ò fi gúlúù lẹ ẹsẹ̀ yẹn mọ́ ibì kankan o, okùn ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tó o bá wò wọ́n láti òkè, wọ́n tò lọ ní ìdábùú bí ẹyẹ tó ń ti ibì kan ṣí lọ síbòmíì, ìdí nìyẹn táwọn Ṣáínà fi ń fi orúkọ pẹ́pẹ́yẹ igbó pè wọ́n. Guqin ní tiẹ̀, okùn 7 péré, kò ní ẹsẹ̀ kankan, pátákó dúdú dídán lásán ni pẹ̀lú àmì funfun róbótó 13 lẹ́bàá kan. Pipa lèyí tó dà bí ìbẹ́pẹ tí wọ́n là sí méjì, okùn mẹ́rin, orí itan lo máa gbé e dúró sí, ọrùn rẹ̀ á yọ sókè létí òsì rẹ.

Tó o bá jókòó sídìí guzheng lónìí tó o kàn fìka kan gba orí okùn kọjá, á dún bí omi, inú rẹ á dùn, wàá pe màmá rẹ lórí fídíò. Tó o bá gbé pipa, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ igbe lásán ni yóò máa ké. Èyí tó pa mí lẹ́kún jù ni lunzhi, ìka márààrún á máa tẹ̀ lé ara wọn lórí okùn kan ṣoṣo, ìfábẹ̀lá á ṣíwájú, àtàǹpàkò á kẹ́yìn, láìdáwọ́ dúró, kó má sì sí èyí tó dún ju èkejì lọ. Akéwì kan láyé Tang, ìyẹn ìdílé ọba China ayé àtijọ́ kan, fi ohùn pipa wé ìlẹ̀kẹ̀ ńlá àti kékeré tó ń já bọ́ sórí àwo. Tèmi ní ọdún àkọ́kọ́, bí ẹni da ẹ̀wà sínú bẹ́sìnnì ni.

Orúkọ rẹ̀ gan-an, bí ọwọ́ ṣe ń ṣe ni: pi ni kó o ta á síwájú, pa ni kó o fà á bọ̀. Kì í ṣe onílẹ̀ ní China látilẹ̀ o, ọ̀nà òwò sílíìkì ló gbà wọlé láti Àárín Éṣíà. Láyé Tang, ṣe ni wọ́n ń gbé e sùn bíi gìtá, igi pẹlẹbẹ ni wọ́n sì fi ń ta á, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n gbé e nàró tí wọ́n wá ń fìka ta á. Èyí tó sọdá sí Japan, biwa ni wọ́n ń pè é, wọn ò fi igi tiwọn sílẹ̀. Okùn sílíìkì ni gbogbo wọn ń lò tẹ́lẹ̀, láàárín àwọn ọdún 1950 ni irin bẹ̀rẹ̀ sí í gbapò lára pipa, irin yẹn ló sì jẹ́ ká máa so èékánná àtọwọ́dá mọ́ ìka márààrún ọwọ́ ọ̀tún, torí á ha tìẹ dànù láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Nítorí náà ìbéèrè mi sí ẹ: ṣé orin lo fẹ́ gbọ́ kíákíá ni, àbí ìyà ò bà ẹ́ lẹ́rù?

Adé_Hangzhou

Ẹ̀gbọ́n mi, ìyà bà mí lẹ́rù gan-an 😂 ẹ ṣé o.

ÌyáTáyé_Guangzhou

Ẹ kú àsìkò yìí. Ọjà lèmi ń tà ní Guangzhou, mi ò kí ń ta guzheng, ọmọ mi obìnrin ló ń kọ́ ọ, ọmọ ọdún 9, ó ti ń lọ sọ́dún mẹ́ta. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń so èékánná fún un, èmi ni mò ń yí okùn, èmi ni mò ń gbé e kúrò lójú oòrùn, tí wọ́n bá ní kí n ṣèdánwò mo lè yege.

Adé ọmọ mi, ọ̀rọ̀ èékánná ni kó o kọ́kọ́ gbọ́. Ti guzheng ò rí bíi ti pipa tí Bísí sọ. Ọ̀dọ̀ ẹran ìka ló máa wà, níbi tó o fi ń tẹ ìka ní báńkì, kì í ṣe orí èékánná rẹ. Mẹ́rin ni ní ọwọ́ ọ̀tún: àtàǹpàkò, ìfábẹ̀lá, ìka àárín àti èyí tó tẹ̀ lé e, ọmọńdinrín ò gba nǹkan kan. Téèpù aṣọ aláwọ̀ ara yẹn ni wọ́n fi ń wé e. Gé e sílẹ̀ mẹ́rin kó o tó bẹ̀rẹ̀, kó o lẹ̀ ẹ́ sétí tábìlì, torí tó o bá ti so ìkan tán, ọwọ́ kan ló kù ẹ. Má dè é bí ẹni ń de ẹran iléyá o! Tí orí ìka bá ń pọ́n tó ń ṣe mìnìmìnì, tú u. Tó bá tún rọ̀ jù, á fò lọ láàárín orin, ti ọmọ mi ti fò lọ bá tíṣà ẹ̀ lójú rí. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tà ẹ́ ní èékánná tó ní ara ìjàpá òkun ni wọ́n ti gé e, dákun fi í sílẹ̀, àwọn ará àtijọ́ ló ń lò ó, òfin ti dè é báyìí, ti rọ́bà náà dáa.

Okùn ńkọ́? Wò ó, àwọn kan máa jẹ́ aláwọ̀ ewé láàárín àwọn funfun, nọ́mbà 3, 8, 13 àti 18. Sol ni gbogbo wọn, òun lojú rẹ á máa fi mọ̀nà. Nọ́mbà 1 ló tín-ínrín jù, ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ rẹ ló wà, 21 ló nípọn jù lọ́hùn-ún. Lápá ọ̀tún, àpótí kan wà tó ní ìdérí, ṣí i, àwọn ìṣó tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ yí wà níbẹ̀. Gbé àápù sórí fóònù kó máa sọ ohùn tó ń dún fún ẹ. Ibi tí mo ti jìyà nìyí o: àápù á sọ pé D ni (orúkọ ohùn okùn kìíní nìyẹn), kò ní sọ fún ẹ pé D tìsàlẹ̀ ni àbí tòkè tí o ò bá wo nọ́mbà ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Mo ń yí okùn kìíní lọ, mo ń yí i lọ, mo ṣe bí kò tíì dé ibẹ̀, àfi GBÀ! Ó já, ó sì fi ilà sí mi lọ́wọ́. Yí i díẹ̀díẹ̀, kó o máa ta á bó o ṣe ń yí i, kó o sì jẹ́ kí ojú ẹ jìnnà síbẹ̀.

Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ojoojúmọ́ ni ohùn ẹ̀ á máa sá, má rò pé wọ́n lù ẹ́ ní jìbìtì, okùn tuntun ló ń nà. Lẹ́yìn bí oṣù kan á gbọ́ràn.

Ọmọ_Àyàn

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín látòkè, ọwọ́ ọ̀tún nìkan lẹ ń sọ. Ìka, èékánná, téèpù. Ọwọ́ ọ̀tún kàn ń kan ilẹ̀kùn ni o. Ọwọ́ òsì ló ń sọ̀rọ̀.

Ilé onílù ni wọ́n bí mi sí ní Ọ̀yọ́, Jinan ní Shandong ni iṣẹ́ gbé mi dé, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí guzheng, mo wo ọwọ́ òsì ẹni tó ń ta á, mo ní áà, dùndún rèé. Ẹ wò ó. Dùndún, tó o bá fún ọsán rẹ̀ mọ́ra, ohùn á gòkè, tó o bá dẹ̀ ẹ́, á wálẹ̀, òpá inú ọwọ́ kejì kàn ń lu awọ ni. Guzheng náà nìyẹn. Apá ọ̀tún ẹsẹ̀ okùn lo ti ń ta á, apá òsì ẹsẹ̀ yẹn ni wàá fi ìka méjì mẹ́ta tẹ̀, bó o bá ṣe tẹ̀ ẹ́ tó lohùn ṣe ń gòkè tó. Ẹni tó ń fún dùndún ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún òun.

Ẹ ṣáà rí i, okùn 21 yẹn, do re mi sol la nìkan ni wọ́n yí wọn sí, ó tún bẹ̀rẹ̀, do re mi sol la. Fa ò sí níbẹ̀. Ti ò sí níbẹ̀. Ibo ni wàá ti rí wọn? Ọwọ́ òsì. Tẹ mi díẹ̀, ó di fa. Tẹ la, ó di ti, ṣùgbọ́n ti la yìí jìn jù, ìlọ́po méjì ti mi ni ohùn ẹ̀ ní láti fi gòkè, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọnù, wọ́n á tẹ méjèèjì bákan náà, orin á wá dà bí ẹni tó ń sọ Yorùbá láìsí àmì ohùn. Igbá di ìgbà, ìgbà di igba. Etí rẹ ló máa jà fún ẹ, Adé, kì í ṣe ìka. Ọmọ tó ti ń gbọ́ bí ọkọ́, ọkọ àti ọkọ̀ ṣe yàtọ̀ látinú oyún, ó yẹ kó gbọ́ nígbà tí fa ò tíì pé.

Okùn ò lè wálẹ̀ ju ibi tó wà lọ o. Tó o bá fẹ́ kí ohùn já wálẹ̀ bí ẹni mí kanlẹ̀, kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, kó o tó ta á, kó o wá tú u sílẹ̀. Àwọn ará Henan lọ́gàá níbẹ̀, ọwọ́ òsì wọn ń gbọ̀n tagbára tagbára, ohùn ń yọ̀ sókè sódò, àwọn fúnra wọn ní bí àwọn ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń ta á ní Chaozhou rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Shandong tiwa níbí, ó mọ́ gaara, ó ń tò lẹ́sẹẹsẹ.

Ẹ̀yin ẹ gbọ́ èyí ná: àwọn Ṣáínà ń pè é ní tán, pé èèyàn ń tán guzheng. Àwa náà ń ta gìtá. Mo mọ̀ pé èèṣì ni o, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín fún odidi ọjọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ igi: pátákó ojú ẹ̀, igi paulownia ni kó o wá, igi fífúyẹ́ tó ń tètè dàgbà. Ẹ mọ̀ pé àwa náà ò kàn ń gbẹ́ ìlù látara igi tó bá wu ojú, ọmọ̀ la máa ń wá. Agbègbè kan tó ń jẹ́ Lankao wà ní Henan, níbẹ̀, iyanrìn àti ìjì ló ń da ilẹ̀ wọn láàmú ní nǹkan bí ọdún 1962 sí 1964, ni ọ̀gá ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà, Jiao Yulu, bá ní kí wọ́n gbin paulownia láti fi di iyanrìn mú. Wọ́n gbìn ín torí ìjì, kò sẹ́ni tó ronú orin. Lónìí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ pátákó guzheng ti ń wá, àwọn abúlé kan ò ṣe iṣẹ́ míì mọ́.

Bọ̀dá_Onígìtá

Kí lẹ ṣe gbàgbé ruan? Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ẹ̀!

Èmi, gìtá ni mo ti ń ta láti ilé. Mo rí zhongruan ní ilé ìtajà kan ní Suzhou, ikùn ẹ̀ róbótó bí òṣùpá àrànmọ́jú, ihò kéékèèké méjì níwájú, okùn mẹ́rin, àwọn àlà ọrùn ẹ̀ (ìlà tí ìka máa ń tẹ̀ sí) jẹ́ 24, bí àlà gìtá sì ni wọ́n ṣe pín in, mo gbé e, láàárín ìdajì wákàtí mo ti ń kọ orin ìyìn lórí ẹ̀. Ohùn ẹ̀ jinlẹ̀, ó rọ̀, kò ní jí ẹni tó sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kejì. Ruan Xian ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́gbọ́n méje kan tí wọ́n máa ń pàdé nínú oko ọparun ní bíi 1,700 ọdún sẹ́yìn, ọtí pọ̀ lọ́rọ̀ wọn. Ṣé ẹ rí i, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́tí ló ni ohun èlò tó rọ̀ tó báyìí.

Àbúrò ẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní liuqin, kékeré, ohùn ẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́, má gbé e wọ họ́sítẹ́ẹ̀lì. Sanxian náà wà, okùn mẹ́ta, ọrùn gígùn tí kò ní àlà kankan, awọ òjòlá ni wọ́n fi bo ojú ẹ̀. Òun ló lọ di sanshin ní Okinawa, tó tún di shamisen ní Japan. Ó dùn o, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ìka ò ní ibi tó máa fi mọ̀ pé ibí ni mo dé.

Kúnlé_Lọ́ndọ̀nù

Ẹ dúró níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀ òjòlá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa kúrò ní China lọ́jọ́ kan, ẹ ronú sí èyí kẹ́ ẹ tó sanwó. Awọ òjòlá wà lábẹ́ àdéhùn CITES, ìyẹn èyí táwọn orílẹ̀-èdè fi ń dáàbò bo ẹranko àti igi tó lè run, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé sanxian tàbí erhu (olókùn méjì tí wọ́n ń fi ọrun fà) kọjá ibodè láìní ìwé, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kó tó di pé ẹ sanwó, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀. Guzheng, pipa, ruan, igi ni wọ́n ní tiwọn, kò sí awọ lára wọn, wọ́n rọrùn sí i.

Mo kó guzheng wá sí London láti Shanghai. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi pẹ́ńsù fàmì sí ibi tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan dúró sí, mo kọ nọ́mbà sídìí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo tú okùn dẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi rọ̀, mo yọ ẹsẹ̀, mo kó wọn sínú àpò, mo tẹ́ fóòmù sábẹ́ okùn. Ó dé láìsí ojú ọgbẹ́ kan. Ọ̀rẹ́ mi tó gbé tiẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìtú nǹkan kan, ẹsẹ̀ méjì ló ti ha pátákó kó tó dé ilé.

Alàgbà_Wuhan

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ń gbé ní Wuhan ọjọ́ ti pẹ́. Ẹ má jẹ́ kí fíìmù tàn yín jẹ. Nínú eré àtẹ̀léra tí ẹ ń wò, wọ́n á gbé guqin síwájú òṣèré, guzheng lẹ máa gbọ́. Guqin gidi, ohùn ẹ̀ kò kúrò nínú yàrá. Bí èèyàn bá ń wú ikọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, orin ti bàjẹ́. Adé, ìwọ tó o ń gbé pẹ̀lú ẹnìkejì, rò ó wò.

Kò sí èékánná àtọwọ́dá, tìrẹ ni wàá fi ta á. Ohùn mẹ́ta ló ní. O lè ta okùn gbayawu. O lè fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi kó o sì máa fà á lọ. O sì lè kàn fara kàn án fẹ́ẹ́ níbi àwọn àmì 13 yẹn, kó dún bí agogo kékeré tó wà lọ́nà jíjìn. Ní 2003, UNESCO kà á mọ́ àwọn ohun àjogúnbá aráyé. Ní 1977, nígbà tí Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ Voyager lọ sójú ọ̀run, wọ́n fi àwo orin mọ́ ọn, guqin tí Guan Pinghu ta wà nínú ẹ̀, ju ìṣẹ́jú 7 lọ, ó ṣì ń lọ lókè lọ́hùn-ún báyìí.

Níbí, ní agbègbè Hanyang, ilé kan wà létí omi tí wọ́n kọ́ ní ìrántí Bo Ya. Bo Ya ń ta qin, ìyẹn guqin, Zhong Ziqi tó ń ṣẹ́gi tà sì ń gbọ́ ọ. Tí Bo Ya bá ro òkè lọ́kàn, Ziqi á ní òkè ni mo gbọ́. Tó bá ro omi, á ní omi ni. Nígbà tí Ziqi kú, Bo Ya já okùn rẹ̀, ó fọ́ qin, kò ta á mọ́. Títí dòní, tí Ṣáínà bá fẹ́ sọ pé ọ̀rẹ́ kòríkòsùn, ẹni tó mọ ohùn mi ló ń wí.

Ọ̀rọ̀ kan tó ṣòro ni ìwé orin ẹ̀. Ó ń sọ ìka tó o máa lò, okùn tó o máa ta, àmì tí ọwọ́ òsì máa wà. Kò sọ bí ohùn ṣe máa pẹ́ tó. Nítorí náà, láìní olùkọ́, o ò rí nǹkan kan ṣe, bí ọmọ awo ṣe nílò ojùgbọ̀nà náà ni.

ÌyáTáyé_Guangzhou

Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń lù ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lẹ fẹ́ gbé nǹkan àwọn ọ̀mọ̀wé fún yìí. Oṣù méjì á ti fi í há orí ògiri. Guzheng ló rí létí omi, guzheng ló mú un lọ́kàn. Ẹ jẹ́ kó ra ohun tó fẹ́.

Alàgbà_Wuhan

Ìyá Táyé, mo gbà fún yín. Ọ̀ràn ìfẹ́ kọjá ìmọ̀ràn.

Sístà_Bísí

Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ló kù kẹ́ ẹ tó tú ká. Ìgbà òtútù mi àkọ́kọ́ ní Beijing, mo fi pipa sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú yàrá gbóná, mo jí lọ́jọ́ kan mo gbọ́ kẹ̀, ojú ẹ̀ ti là láti ìsàlẹ̀ dé àárín. Ẹ̀bi mi ni. Níbí, ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń pa igi bí ọyẹ́ ṣe ń la ètè, mo máa ń gbé abọ́ omi sínú yàrá. Hangzhou yàtọ̀ o Adé, bó bá di June sí July, òjò kan máa ń bẹ̀rẹ̀ tí kì í fẹ́ dá, aṣọ ò ní gbẹ, igi á wú, á sì bu. Má gbé e sábẹ́ a/c, má gbé e sójú fèrèsé, fi aṣọ bò ó, kó o kó àwọn páálí kékeré tí ń fa omi yẹn sínú àpò ẹ̀. Guzheng kékeré wà tó gùn tó nǹkan bíi mítà kan, okùn 21 náà ni, ó lè wọ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ. Ohùn ìsàlẹ̀ ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kún, ṣùgbọ́n fún họ́sítẹ́ẹ̀lì, ó ṣe é.

Adé_Hangzhou (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)

Ẹ̀yin àgbà, mo ti rà á o! Guzheng ni, èyí tó gùn náà ni, mi ò ra kékeré, àlòkù ni mo rà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ti parí, 1,600 yuan, ó tún fún mi ní àwọn ẹsẹ̀ tábìlì ẹ̀. Èmi àti ẹnìkejì mi la gbé e gòkè àjà karùn-ún bí ẹni gbé pósí, sẹ́kúrítì bi wá pé ta ló kú.

Nǹkan tó wá ṣẹlẹ̀: ní ìjẹta, ní nǹkan bí aago kan òru, a ń sùn, mo gbọ́ PAÌ! Ẹnìkejì mi fò sílẹ̀, ó ní wọ́n ti yìnbọn. Mo tan iná, ẹsẹ̀ okùn 16 ló ṣubú lulẹ̀, okùn ń mì. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn? Mo wá gbìyànjú láti dá a padà, kò wọlé, okùn ti le.

ÌyáTáyé_Guangzhou

Kò bàjẹ́ jàre, gbogbo wa ló ti ṣẹlẹ̀ sí. Má fi agbára tì í. Dẹ okùn yẹn díẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, fi ọwọ́ kan gbé okùn sókè, fi ẹsẹ̀ sábẹ́ ẹ̀ nàró ṣánṣán, kí okùn wọ inú ilà orí ẹ̀, kó o wá yí i padà díẹ̀díẹ̀. Tó o bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀ sún, má fà á láti orí, ìdí ni kó o dì mú. Ó jọ pé ẹsẹ̀ yẹn ti dagun tẹ́lẹ̀ ni, máa wò wọ́n láti ẹ̀gbẹ́ lálaalẹ́.

Ọmọ_Àyàn

Níwọ̀n ìgbà tó o ti ń sún ẹsẹ̀, jẹ́ kí n fún ẹ ní ọ̀kan sí i. Okùn 4, 9, 14 àti 19, mi ni gbogbo wọn nígbà tí D bá jẹ́ do. Tó o bá sún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ́tùn-ún díẹ̀ títí F♯ (orúkọ ohùn mi yẹn) fi di G, do gbogbo guzheng ti kúrò ní D ó ti di G. Láìfọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n kọ́ fa ná.

Adé_Hangzhou

Ó ti wọlé màmá, ẹ ṣé gan-an. Mo tún padà sí West Lake ní Sunday, mo bá màmá àgbà yẹn níbi tí wọ́n máa ń jókòó sí. Mo sọ fún wọn pé mo ti ra tèmi. Wọ́n ní kí n jókòó, kí n ta á, mo ta do re mi, wọ́n ń mi orí. Ni wọ́n bá di ìka ọwọ́ òsì mi mú, méjì, wọ́n gbé e sórí okùn kẹsàn-án lápá òsì, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tẹ̀ mí mọ́lẹ̀, wọ́n ní kí n ta á. Ó dún fa. Wọ́n tú mi sílẹ̀ díẹ̀, ó ń bọ̀ wálẹ̀, ó ń bọ̀ wálẹ̀, wọ́n ń sọ pé mànmàn, mànmàn, ṣe jẹ́jẹ́. Ọmọ_Àyàn, ẹ̀gbọ́n, dùndún gan-an ni.

Sístà_Bísí

Fídíò dà?

Adé_Hangzhou

Téèpù ti tán ẹ̀gbọ́n mi, mo ti fi gbogbo ẹ̀ de ara mi bí ẹran iléyá. Tòmíì ń bọ̀ ní Wednesday.